Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Ṣí Yàrá Ìyá Àjàlá

Bàbá Tẹniọlá,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò nílé kí n tó dé. Lándílọ́ọ̀dù wá láàárọ̀ láti kó ẹrù Ìyá Àjàlá, aráalé wa, síta. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí kòrónà ti pa wọ́n, òun fẹ́ gbé yàrá wọn fún ẹlòmíràn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Bàbá, òfin ò gbà á. Ẹ lọ gbàṣẹ kóòtù."

Ó ní wọ́n ti ti kóòtù pa nítorí kónílé-ó-gbélé.

Mo ní, "Ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣí i."

Ó bínú lọ, àmọ́ ó máa padà wá. Mo ti lọ pe Àjàlá ní Igbóbì, kó wá kó ẹrù ìyá ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Tí ẹ bá gbọ́ ikọ́ nínú yàrá yẹn, ẹ má dáhùn. Mo ṣèèṣì ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà" láàárọ̀ yìí, ikọ́ náà sì dákẹ́ lójijì.

Serifat