Tẹmómítà Ayédèrú Tó Yọ Wá Nínú Ewu

                                        Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ilé Aláwọ̀ Ewé,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn yín, ṣé ó ti gbọ́ oògùn? Ara tèmi le koko. Kódà, ayọ̀ ni kò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́.

Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ló gbé iṣẹ́ fún iléeṣẹ́ wa: ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa ṣọ́ fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí fíríìjì bá ń gbóná, kí agogo ké. Ètò náà ti parí, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ so ó mọ́ tẹmómítà inú fíríìjì wọn gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ iná, ṣé ẹ lè gba gílóòbù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wáyà, tí kò ṣe é yọ? Ká tó lè dán agogo wò, àfi ká ba abẹ́rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́!

Mo ní kí ètò náà yé wá tẹmómítà fúnra rẹ̀. Àwa ni ká máa gbé e lé e lọ́wọ́. Ní ilé ìwòsàn, ká fún un ní ojúlówó. Níbi iṣẹ́, ká fún un ní ayédèrú tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà fúnra wa, tí yóò máa sọ ohun tí a bá ní kó sọ.

Ọ̀gá wa fajú ro. "Ṣé irọ́ la ó wá máa fi dán òótọ́ wò? Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n ń retí iṣẹ́ o!"

Mo ní, "Ọ̀gá, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la."

Èmi àti obìnrin tá a jọ ń lo tábìlì, Arẹ́rìn-ín là ń pè é, tú ètò náà, a sì tún un tò. Mo ní kí ayédèrú sọ pé ooru mú: agogo ké. Mo ní kó sọ pé òtútù wà: agogo dákẹ́. Ni Arẹ́rìn-ín bá ní, "Jẹ́ kó yadi wò ná." Mo pa ayédèrú náà lẹ́nu mọ́. Agogo ò ké! Àṣé iye tó gbọ́ kẹ́yìn ni ètò náà ń tún kà, bíi pé kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Arẹ́rìn-ín. Bí wáyà bá já lọ́hùn-ún, abẹ́rẹ́ á bàjẹ́, wọn á sì máa gún un fáwọn ọmọ láìmọ̀. A tún un ṣe, a tún un dán wò: agogo ké gbàà! A gbé iṣẹ́ náà fún wọn.

Àná ni nọ́ọ̀sì àgbà pè wá. Àwọn tó ń kun ògiri ló sún fíríìjì. Wáyà tẹmómítà já, okùn iná fíríìjì náà sì yọ kúrò lára ògiri. Agogo ké, nọ́ọ̀sì sáré kó abẹ́rẹ́ lọ sínú òmíràn, ìkankan ò bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n, mo fò sókè bí ọmọdé! Ọ̀gá jáde sáàárín wa, wọ́n ní, "Láti òní lọ, ètò tí ẹ ò bá tíì fi ayédèrú dán wò ò gbọdọ̀ jáde níbí. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó kọ́ wa."

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Màmá tí wọ́n máa ń bi mí pé kí ni mò ń tẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé agogo ni, ó sì ti dún.

Àbúrò yín tí ayọ̀ ń pa bí ọtí,
Adúmáadán