Abọ́ Àlàájà Padà Lófìfo

Màámi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi sí yín. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí n tó kí yín. Kérésì tún ti kọjá, ilé yín ní Muṣin ṣì dúró, Bọ̀dá Kúnlé ọmọ yín sì ń bá mi yan odì.

Ẹ mọ bí oṣù Kejìlá ṣe máa ń rí fún àwa onídìrí. Gbogbo obìnrin Sùúrùlérè ló fẹ́ kí orí òun dára kí ọdún tó dé. Orí ìdúró ni mo ti ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ mi wú. Ìka mi dùn mí débi pé n ò lè ṣí ìdérí ike omi. Lọ́jọ́ kan òòyì kọ́ mi níbi tí mo ti ń di irun oníbàárà, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ó ga, kí n lọ sinmi. Ẹ̀rín ló pa mí. Ta ló ń sinmi ní Kérésì nínú ilé tiwa?

Torí pé bí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù bá tán, iṣẹ́ yín ló kù. Ìkòkò ìrẹsì ńlá, adìyẹ, mọ́ínmọ́ín, ká bù fún gbogbo yàrá inú ilé, Kristẹni àti Mùsùlùmí, kí Bọ̀dá Kúnlé sì kó ìyàwó àtọmọ wá láti Ìkòròdú wá jókòó. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo fẹ́. Bọ̀dá Kúnlé jogún yàrá iwájú, èmi jogún ìdáná.

Ẹ̀yin lẹ fà á. Ẹ ṣe é bíi pé kò nira. Ẹ ó ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ó so ìró mọ́ àyà, ẹ ó máa kọrin ìjọ nínú èéfín. Bọ̀dá Kúnlé á máa wo tẹlifíṣọ̀n, èmi lẹ ó jí pé kí n wá bó àlùbọ́sà. Ṣé ọwọ́ tiẹ̀ ò lè bó àlùbọ́sà ni? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa rí pé ó rẹ̀ yín? Kérésì yín tó kẹ́yìn, ẹ dáná tán, ẹ bù fún gbogbo ayé, ẹ lọ dùbúlẹ̀. A rò pé oorun ni. Ẹ ò dìde mọ́.

Torí náà n ò dáná lọ́dún yìí. Mo pe Bọ̀dá Kúnlé, mo sọ fún un pé ó rẹ̀ mí, kó jẹun nílé rẹ̀. Ó ní mo fẹ́ ba orúkọ yín jẹ́, ó ní ẹ̀yin ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Mo ní ìdí nìyẹn tí ẹ fi wà nínú ilẹ̀. Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Ó wá ku abọ́ Àlàájà. Ẹ rántí abọ́ búlúù tí Àlàájà yàrá òdìkejì fi máa ń gbé ẹran Iléyá fún wa. Òfin yín ni pé abọ́ ẹlòmíì kì í padà lófìfo, Kérésì la sì máa ń dá a padà, pẹ̀lú oúnjẹ tó kún dẹ́nu. Àtìgbà Iléyá ló ti wà lórí pẹpẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Kérésì mo fọ̀ ọ́, mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí, àmọ́ ojú líle ni mo gbé wọlé. Mo kúnlẹ̀, mo na abọ́ sí wọn, n ò wí àwáwí kankan.

Àlàájà gbà á, wọ́n wo inú rẹ̀. Mo ti ń wá èsì tí mo máa fọ̀.

"Ká ní ìyá ẹ gbé òfìfo wá fún mi lẹ́ẹ̀kan péré," ni wọ́n wí, "ǹ bá ti lọ wo ohun tó ń ṣe é."

Wọ́n ní kí n dìde lórí ìkúnlẹ̀, kí n lọ sùn sórí àga gígùn wọn. Mo sùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Màámi, ṣé ẹ gbọ́? Ẹnì kan ì bá ti wá. Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń gbé abọ́ kíkún káàkiri, ta ni ì bá mọ̀ pé ẹ̀mí yín ló ń tán lọ? Inú ṣì ń bí mi. Mo ti dojú ìkòkò yín dé. Kí Bọ̀dá Kúnlé máa bínú lọ. Oúnjẹ yín dùn, n ò jiyàn, àmọ́ ǹ bá kúkú mu gààrí lọ́jọ́ Kérésì, kí ẹ jókòó tì mí.

Èmi ni ọmọbìnrin yín kan ṣoṣo, tó ń bínú sí yín, tí àárò yín sì ń sọ.