Géèmù Oko Tí Kò Ṣí fún Bàbá Mọ́

                                        Ilé Alàgbà Ebenezer,
                                        Ojú Ọ̀nà Àkàkà,
                                        Ìperu Rẹ́mọ,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 2024.

Modúpẹ́olúwa, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Àkúrẹ́? Ọkọ rẹ ńkọ́? Máyọ̀kún ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ tó yọ ti ń hù padà? Mo gbọ́ pé òjò ń rọ̀ gan-an lọ́dọ̀ yín, ikọ́ rẹ kò sì fẹ́ràn òjò, nítorí náà jọ̀ọ́, máa wọ aṣọ tó nípọn. Èmi wà, Bàbá náà wà. Mi ò ní sọ fún ọ pé ara le koko. Irọ́ tí mo ti pa nínú ilé yìí tó, òun ló sì jẹ́ kí n kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́, torí kò síbi tí mo lè jókòó sí tẹ fóònù tí Bàbá kò ní gbọ́ mi.

O rántí géèmù oko tí o fi káàdì báńkì rẹ rà fún Bàbá lọ́dún méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Dókítà ló ní ká wá ohun tí yóò máa mú ìka rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìwọ lo ronú kan oko, torí o mọ̀ pé oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní Àkàkà lọkàn rẹ̀ wà. Níbẹ̀rẹ̀ ó ní òun ò ṣe eré ọmọdé. Kí oṣù kan tó pé, ó ti ń bá mi jà pé mo fọwọ́ kan máòsì òun. Oko Láídé ló sọ ọ́, orúkọ Màmá mi olóògbé. Kò sí ẹ̀gẹ́ nínú géèmù òyìnbó, kábéèjì ló ń gbìn, ó sì ń pè é ní ẹ̀gẹ́. Tó bá ka ọjọ́ mẹ́fà lóko yẹn, lọ́jọ́ keje kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Á jẹ́ kí ọkùnrin kékeré inú rẹ̀ jókòó sílé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, torí Ọjọ́ Ìsinmi ni, bí àwa náà ṣe ń pa Ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́. Kábéèjì púpọ̀ ló gbẹ nítorí ìyẹn. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ń nà. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ó ti ń fi ọwọ́ yẹn gbé ife.

Nínú oṣù Kẹrin, iná wọlé lójijì pẹ̀lú agbára, ó jó bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà. Mo gbé e lọ sí Ṣàgámù, sọ́dọ̀ Tájù tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́yìn ìsọ̀ obì bàbá rẹ̀, ó sì bá wa pààrọ̀ bọ́ọ̀dù náà. Kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Géèmù ni kò ṣí. Ó kọ ọ́ síwájú kọ̀ǹpútà pé inú kọ̀ǹpútà mìíràn lòun bá ara òun, òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe òun bóyá àwa la ra òun lóòótọ́. Mo ra dátà. Mo gbé kọ̀ǹpútà gun ọ̀kadà lọ sí Ìlíṣàn nítorí nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ dára ju tiwa lọ. Kóòdù tó bá géèmù wá, tí mo kọ sẹ́yìn Bíbélì mi, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú mi. Ìdáhùn kan náà ni, pé òun ò rí ilé-iṣẹ́.

Mo kọ ímeèlì sí wọn. Wọ́n dúpẹ́ pé mo jẹ́ oníbàárà àtàtà. Mo tún kọ, wọ́n tún dúpẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ẹnì kan tó jọ ènìyàn wá sọ pé àwọn ti pa sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá ọ̀dọ̀ wọn tó ń dáhùn ìbéèrè yẹn, láti ìparí oṣù Kẹrin, ká lọ ra èyí tuntun. Èyí tuntun náà, kọ̀ǹpútà wa kò lè gbé e. Oko tí Bàbá fi ọdún méjì dá ńkọ́? Ọ̀dọ̀ wọn ló wà látilẹ̀wá, ó ti bá sáfà lọ. Inú bí mi débi pé mo sunkún níwájú àwọn ọlọ́kadà Ìlíṣàn. Àwa tá a rà á ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́, àwọn tó jí i lò láìsanwó ń ṣeré wọn lọ ní Ṣàgámù. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Tájù ti kọ́kọ́ fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Ó wá sílé, ó sọ níwájú Bàbá pé òun ní èyí tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀, tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun ò sì ní gba kọ́bọ̀. Bàbá dúpẹ́ dáadáa. Ó ní, "Tájù, ohun tí wọn ò tà fún wa, a ò lè mú un." O mọ̀ ọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣọ́ sítọ́ọ̀ oúnjẹ ilé-ìwé, kò gbé iṣu kan wálé rí. Òun ló kọ́ èmi àtìwọ ní òfin kẹjọ, Ìwọ kò gbọdọ̀ jalè, ní kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì.

 Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí a kò tàn. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò ó nílẹ̀, kò tiẹ̀ pè mí. Ẹ̀rù bà mí, Modúpẹ́. Ó dà bíi pé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ lójú mi.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá mo gbé kọ̀ǹpútà padà sọ́dọ̀ Tájù. Kí wọ́n tó ṣa obì agbọ̀n kan tán, ó ti fi èyí tí wọ́n já àgádágodo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Kò bi mí ní nǹkan kan, kò sì wò mí lójú. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Bàbá pé ilé-iṣẹ́ náà ti dáhùn, pé wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fún un ní ilẹ̀ tuntun dípò èyí tó sọnù. Ó ní, "Àwọn fúnra wọn?" Mo ní àwọn fúnra wọn ni. Igbó ni ilẹ̀ náà, òkúta àti kùkùté ló kún ibẹ̀. Géèmù béèrè orúkọ oko. Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ lẹ́tà kan, ó sinmi, ó tẹ òmíràn, títí ó fi kọ orúkọ Màmá mi tán. Bí orúkọ Màmá ṣe dórí ẹrù olè nìyẹn, èmi ni mo gbé e síbẹ̀.

Ìka rẹ̀ tún ti ń nà. Mo rò pé inú mi yóò dùn, kò dùn. Ní Ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó wọ̀, ó pa kọ̀ǹpútà bó ṣe máa ń ṣe, ó ní ọjọ́ kẹfà lòun dúró sí lóko, kí n rán òun létí pé a ò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó kàn. Lánàá, nígbà tí a ń fi àdúrà parí Ọjọ́ Ìsinmi, ó dárúkọ rẹ, ó dárúkọ mi. Lẹ́yìn náà ó gbàdúrà gígùn fún àwọn ará ilé-iṣẹ́ yẹn, pé kí Ọlọ́run bù kún àwọn àti ọmọ wọn nítorí òtítọ́ inú wọn. Ó wá dúró, ó ń retí ohùn mi. Mo ṣe àmín.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá Máyọ̀kún mọ́ra fún mi. Tí o bá pe Bàbá, yóò ròyìn ilẹ̀ tuntun fún ọ. Mo bẹ̀ ọ́, má bi í ní nǹkan kan. Ṣáà bá a yọ̀.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
                                        Ṣìkẹ́mi.