Ibi Tí Sẹ̀kínátù Kọjú Sí

Àìkú, 5 oṣù kìíní, 2025

Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà ni mo ń kọ èyí sí. Láti ọdún mẹ́tàlélógún, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, Sẹ̀kínátù ìyàwó mi ni mo máa ń ro gbogbo ohun tójú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù fún. Á dá mi lóhùn, á bú mi, á rẹ́rìn-ín. Láti Àlàmísì tó kọjá, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó wá di ìwé.

Abọ́ ló ń fọ̀ lọ́wọ́. Mo gbọ́ tí abọ́ fọ́. Mo ní kí ló dé, kò fèsì. Nígbà tí mo máa débẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣeé gbé. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa rọpárọsẹ̀ náà. Ó ní a tètè gbé e wá. Alihamudulilahi.

Bẹ́ẹ̀dì keje ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ní kọ̀rọ̀. Kò sí fèrèsé níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níwájú, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ògiri — mo ti sọ ọ́ ní Abúramúramù. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, irin bẹ́ẹ̀dì á máa gbọ̀n. Sẹ̀kí kọjú sí ògiri.

Ajé, 6

Kò jẹun. Kò wò mí.

Ọjọ́rú, 8

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń wálẹ̀, oògùn ń ṣiṣẹ́. Ó ku kí Sẹ̀kí fúnra rẹ̀ gbìyànjú: kó jókòó, kó fi ọwọ́ òsì jẹun, kó la ẹnu. Tí kò bá gbìyànjú, apá náà á gan. Wọ́n ní kó gbé ọwọ́, ó di ojú. — Sẹ̀kí! Ẹni tó máa ń lé àwọn onímọ́tò gáréèjì kiri nítorí pé wọ́n tọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, Yéjídé, ọmọ Masífà. Yóò fi díẹ̀ ju Nùsírátù ọmọ wa tó wà ní Abijáàn lọ. Nígbà tí dókítà lọ tán, ó rọra sọ fún mi pé, “Bàbá, ẹ wo ohun tí Màmá ń rí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.” Mo wò ó. Ògiri. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ń bó, àti ojú ibi tí ẹnì kan ti pa ẹ̀fọn.

Jímọ̀, 10

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo bá Yéjídé níta. Ó ní nígbà tí àwọn ń kọ́ṣẹ́, wọ́n kọ́ àwọn nípa obìnrin òyìnbó kan láyé àtijọ́ tó tọ́jú àwọn sójà nígbà ogun. Ó rí i pé kì í ṣe ọgbẹ́ ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibi tí wọ́n tẹ́ wọn sí ni. Òkùnkùn. Òórùn. Omi ìdọ̀tí tí kò rọ́nà lọ. Ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n gbálẹ̀, kí wọ́n la ọ̀nà fún omi. Ikú dín kù.

“Afẹ́fẹ́, Bàbá. Oòrùn. Omi tó mọ́. Ibi tó dákẹ́. Aláìsàn ló ń wo ara rẹ̀ sàn, àwa kàn ń bá a tún ibi tó ti máa ṣe é ṣe ni.”

Mo ní kí ló dé tí wọn ò bá Sẹ̀kí tún tirẹ̀ ṣe. Ojú tì í. Bẹ́ẹ̀dì kẹta ṣófo, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ìṣó kan gbogbo fèrèsé wọ́ọ̀dù pa nítorí ẹ̀fọn àti eruku. Àṣẹ métírọ́ọ̀nù ni. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ni mò ń pè é nínú ọkàn mi. Ìdì kọ́kọ́rọ́ tó wà ní ìbàdí rẹ̀, wàá ti gbọ́ ọ kó o tó rí i.

Mo lọ bá a. Ó ní, “Bàbá, ṣé eruku ọyẹ́ yìí ni kí n jẹ́ kó wọ ojú ọgbẹ́ àwọn èèyàn?”

Kò parọ́. Ọyẹ́ ọdún yìí, gbogbo ètè ló ti là.

Àbámẹ́ta, 11

Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ò wá sẹ́nu iṣẹ́. Mo yọ téèpù, mo wọn fèrèsé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹta. Íńṣì méjìdínláàádọ́ta níbùú, mẹ́rìndínlógójì lóòró. Yéjídé ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún mi bí ẹni pé a fẹ́ jalè.

Ajé, 13

Nẹ́ẹ̀tì nínú fún ẹ̀fọn. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́ lóde, èyí tí wọ́n lè wọ́n omi sí kí eruku lè lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi rọ́bà sí etí rẹ̀ yíká kó lè di igi fèrèsé mú.

Orí àga tí mo gùn nídìí fèrèsé ni Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ti ká mi mọ́. Mo ní nínú ọkàn mi pé ó parí fún mi. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó yí i sẹ́yìn, ó fà á, ó wo ojú ìránṣọ.

“Fún fèrèsé kan ṣoṣo? Àwọn aláìsàn tó kù, ṣé igi ni wọ́n?”

Fèrèsé mẹ́fà ló wà ní wọ́ọ̀dù yẹn. Mo padà sídìí máṣíìnì.

Àlàmísì, 16

Wọ́n yọ ìṣó. A gbé Sẹ̀kí lọ sí bẹ́ẹ̀dì kẹta. Nígbà tí fèrèsé àkọ́kọ́ ṣí — mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́ — àfi bíi pé gbogbo wọ́ọ̀dù mí lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin bẹ́ẹ̀dì karùn-ún pariwo pé, “Ẹ̀ẹ́, máńgòrò ti tanná!” Igi máńgòrò ńlá kan wà níta lóòótọ́, òdòdó bò ó. Ewúrẹ́ mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀.

Sẹ̀kí yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò bá ògiri níbẹ̀. Ó la ojú. Ewúrẹ́ kan gun orí bulọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti mọlé, ó dúró síbẹ̀ bí ọba. Sẹ̀kí wò ó títí. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mò ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀. Inú mi dùn. Mo tún ń jowú ewúrẹ́.

Àìkú, 19

Wọ́n ti gbé Abúramúramù lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ló pàṣẹ. Ó kọjá lára mi bí ẹni pé n kò bẹ̀ ẹ́ rí lórí ariwo rẹ̀.

Ọjọ́rú, 22

Ó fi ọwọ́ òsì mu ògì, ìdajì ife. Ó jókòó fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ojú rẹ̀ ti ń tẹ̀ lé mi kiri. Ohùn ni kò tíì sí.

Oníbàárà kan dá ṣòkòtò padà lónìí. Òwú dúdú ni mo fi rán aṣọ búlúù. Ojú mi ò ya búlúù tó kún sọ́tọ̀ lára dúdú mọ́; Sẹ̀kí ló máa ń na òwú tó yẹ sí mi. “Èyí ni, Bàbá Nùsí. Ìyẹn kọ́. Afọ́jú mi.” Ọdún mélòó ni mo fi ń ní kó yéé pè mí bẹ́ẹ̀? Àárò rẹ̀ sọ mí lónìí débi pé mo ní kí oníbàárà náà jọ̀ọ́, kó padà wá lọ́la.

Ajé, 27

Ó SỌ̀RỌ̀! Ọ̀rọ̀ kan. “Ara.”

Mo ké sí Yéjídé. A bi í pé ibo lára ló ń dùn ún. Ó mi orí. A yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá egbò ti dá síbi tó ń fi sùn. Kò sí. Mo fi òrí pa á lára. “Ara.” Mo tún fi òrí pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Àlàmísì, 30

“Ara. Ara.” Dókítà kọ oògùn ara ríro fún un. Ó tu ú dànù.

Ajé, 3 oṣù kejì

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bùọ̀dá Abíọ́nà, wá láti oko pẹ̀lú iṣu márùn-ún. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wọn. Ọ̀kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ń kírun, kò dá ìjà sílẹ̀ rí. Ó jókòó ti Sẹ̀kí. Sẹ̀kí di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ara.”

Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ rò ó. “O fẹ́ lọ sí Ara? Ó dáa. A ó lọ.”

Ara. Ìlú wọn. Ilé bàbá wọn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń fi òrí pa ìyàwó mi lára, ìlú ló ń dárúkọ.

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. Mo ti ń retí ẹ̀rín yẹn láti oṣù kan. Kì í ṣe èmi ló rín in sí.

Inú bí mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà parọ́ fún ìwé. Mo ní, “Ilé ọkọ rẹ ńkọ́?” Ó yí ojú sí fèrèsé.

Ọjọ́rú, 5

Mo rojọ́ fún Yéjídé, mo rò pé yóò gbè mí. Ó ní, “Bàbá, ibi tí Màmá ń gbé, báwo ló ṣe rí?”

Ọmọ yìí àti ìbéèrè rẹ̀.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sàn-án, mo wọ yàrá wa tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo jókòó síbi tí Sẹ̀kí máa ń jókòó. Aago kan ọ̀sán, mo ní láti tan iná kí n tó rí ọwọ́ mi. Lápá ọ̀tún, fọganáísà ń fẹ́ táyà. Lápá òsì, gáréèjì — Ògbómọ̀ṣọ́! Ìwó! Òórùn epo máṣíìnì kún inú yàrá. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbé kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ dí i, ọdún kẹrìndínlógún rèé.

Ó sì ti bá mi sọ ọ́. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo ní kó di ẹ̀yìn ìtúnu ààwẹ̀. Mélòó ni ìtúnu ààwẹ̀ tó ti kọjá?

Mo rán aṣọ fèrèsé mẹ́fà fún ilé ìwòsàn.

Ajé, 10

Wọ́n dá a sílẹ̀. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ di apá rẹ̀ mú dé ẹnu mọ́tò tí Bùọ̀dá Abíọ́nà gbé wá. Yéjídé kọ bí a ó ṣe máa na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé fún wa.

Yàrá ìyá wọn ni wọ́n tún ṣe fún un ní Ara. Fèrèsé méjì, wọ́n kọjú sí oko kajú. Ibẹ̀ dákẹ́ débi pé mo gbọ́ tí ewé já bọ́. Sẹ̀kí mí kanlẹ̀.

Èmi nìkan ni mo padà sí Ẹ̀jìgbò.

Jímọ̀, 14

Ìró rẹ̀ kan wà lórí okùn tí a ń sá aṣọ sí láti ọjọ́ tó ti ṣubú. Eruku ti sọ ọ́ di pupa. Mo dúró níwájú rẹ̀, mi ò lè ká a.

Jímọ̀, 21

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ara. Sẹ̀kí fi ọ̀pá rìn wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó rìn! Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi mí bóyá Nùsírátù pè. Ó ní mo ti rù.

Ààwẹ̀ ku bí ọ̀sẹ̀ kan. Mo bi í bóyá yóò wálé kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

“Mi ò... padà sí yàrá yẹn mọ́.”

Mo wo ilẹ̀. Èèrà ń tò lọ. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, ọdún mẹ́tàlélógún. Mo ní, “Kò burú. Màá máa wá kí ọ ní gbogbo Jímọ̀.”

Ó fi ọ̀pá gbá mi lójúgun. Kò rọra.

“Yàrá ni mo ní. Ẹ̀yin kọ́. Ẹ̀yin ni... mò ń retí.”

Ọjọ́rú, 26

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Gbogbo oníbàárà kọ́ ni yóò tẹ̀ lé mi dé Ara. Bóyá díẹ̀, bóyá ẹnì kankan ò ní wá. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni màá kó lọ, èyí tí kò gbára lé iná. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́. Láàárọ̀, ọkàn mi ṣì ń ṣe méjì. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ onílé, ó ti di ọ̀kan. Mo sọ fún un pé mò ń kó kúrò.

Ó wò mí títí. “Kàsímù, ṣé kò sí nǹkan? Ibo lò ń lọ?”

Mo ní ìyàwó mi ló ránṣẹ́ pè mí.