Irùngbọ̀n Ìyá Sìdí

Àǹtí Bushrah,

Ẹ jókòó ná. Ẹ má tan kọ̀ǹpútà yín rárá.

Láàárọ̀ yìí ni mo fi irùngbọ̀n sí Ìyá Sìdí lágbọ̀n nínú fọ́tò wòlímọ̀ tẹ́ ẹ ti fi ọjọ́ mẹ́ta tún ṣe. Irùngbọ̀n náà gùn láti Mápó dé Ọjà'ba. Mo ní kí n pa á rẹ́, àṣé gbogbo fọ́tò náà ni mò ń pa rẹ́. Ẹ̀rù yín bà mí, mo bá tún da garawa ìdọ̀tí inú kọ̀ǹpútà nù kí àṣírí mi má baà tú.

Jubril tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Bẹẹrẹ ní òun lè hú wọn jáde, tí ẹnì kankan ò bá ti kó nǹkan tuntun lé wọn lórí. Mo ti sáré lọ mú un wá.

Bí Ìyá Sìdí bá ṣáájú wa dé lẹ́yìn ìrun Alásárì, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ Mẹ́kà, yóò máa sọ ọ́ títí dọ̀la. Ẹni tó parí Kùránì ní àádọ́rin ọdún kì í ṣe wòlímọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbà mí.

Ọ̀kan péré ló kù lórí fóònù mi. Irùngbọ̀n ṣì wà níbẹ̀.

Muhydeen