Wọ́n Ti Sin Haleluya, Fóònù Mi Sì Ń Gbààwẹ̀

Ọmọ mi àtàtà, ọmọ tí mo fi ọjọ́ méjì gbáko rọbí rẹ̀,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ò ń rí oorun sùn, ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu rẹ, ṣé ọwọ́ tó ń lọ aṣọ àwọn olówó láti àárọ̀ dalẹ́ kò dùn ọ́ jù? Ọlọ́run tó mọ̀ pé ìwọ nìkan ni mo bí yóò máa dúró tì ọ́ níbi ìfọṣọ yẹn, áyọ́ọ̀nù kò ní jó ọ, omi gbígbóná kò ní dà sí ọ lára, ọ̀gá rẹ kò ní rí àbàwọ́n kankan lára ohun tí o bá fọ̀. Ṣe àmín níbi tí o wà, pariwo ẹ̀, má wo ojú ẹnikẹ́ni.

Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún máa ń ké tí mo bá ń dìde, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi débi tí mo bá ń lọ, n ò sì tíì rán an níṣẹ́ tí kò jẹ́. Ọmọ rẹ, Ìyá Kékeré, náà wà, eyín iwájú rẹ̀ kan ti bọ́, aṣọ ilé-ìwé tó gùn jù ú lọ nígbà tí o rí i kẹ́yìn ti di ohun tí à ń fà wálẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ló jẹ́ kí n mú bíró, orí bẹ́ńṣì tó wà lábẹ́ fèrèsé kíláàsì wọn ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ọ́, àárín ìwé ìṣirò rẹ̀ ni mo sì ti já bébà, mo tọrọ rẹ̀ kí n tó já a. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti fóònù, torí mo mọ̀ pé òun ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn. Fọkàn balẹ̀. Mi ò kú, olè ò sì wọlé wa. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé-ìwé ni fóònù wà, ó ń gbààwẹ̀.

N ó ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́ kí o má baà rò pé orí mi ti ń dàrú. Nígbà tí o ní kí n mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàwọn ìjọ Lútérán, mo ní ó dáa, ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọn kì í sì í na ọmọ ní ìnàkunà. O ò kúkú sọ fún mi pé wọ́n ní Lẹ́ńtì. Ní ìjọ tí èmi ti wá, tí wọ́n bá ní ká gbààwẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni, a ó ké, a ó pàtẹ́wọ́, a ó jẹun, ó parí. Tàwọn eléyìí, ogójì ọjọ́ ni, pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á ta aṣọ elésè àlùkò bo gbogbo nǹkan, àwọn ọmọ á máa rìn bí ẹni tó ń kọjá níwájú yàrá aláìsàn.

Lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú rẹ̀, Ìyá Kékeré ti ilé-ìwé dé, ó sọ báàgì sílẹ̀, ó ní kí n tètè jí òun lọ́la o, àwọn fẹ́ lọ sin Haleluya. Mo ká ọwọ́ méjèèjì lérí! O ò gbàgbé Màmá Haleluya, télọ̀ tó ń rán aṣọ ilé-ìwé wọn, tí kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ kó má pariwo haleluya. Mo rí i lọ́jọ́ Sátidé, ó ru búrẹ́dì, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé kí ló pa á, ó ní kò sí nǹkan tó pa á, pé Lẹ́ńtì ló dé. Mo ní àìsàn wo tún nìyẹn?

Mo wé gèlè dúdú, mo gbéra. Láti ìkóríta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún kí àwọn ará ilé lè mọ̀ pé mo ti ń bọ̀. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún mi? Màmá Haleluya fúnra rẹ̀ ni, tó gbé téèpù kọ́rùn! Ó ní ta ló kú. Mo ní ìwọ ni. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, ó ní mo fẹ́ fi ẹnu pa òun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá là mí lóye pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń sin. Àwọn ọmọ á kọ Haleluya sára aṣọ funfun, wọ́n á fi í sínú àpótí pákó, wọ́n á gbẹ́lẹ̀ sídìí igi tó wà lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n á bò ó. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè é mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde ni wọ́n tó máa hú u, ìgbà yẹn ni gbogbo ilé á wá pariwo rẹ̀.

Mo lọ síbi ìsìnkú náà. Mo tiẹ̀ sunkún díẹ̀, torí mo ti pèsè ẹkún sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, kò yẹ kó ṣòfò. O mọ ẹnu mi, o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ni iyọ̀ ọ̀rọ̀ mi. Lọ́jọ́ kejì ni àwo bọ́ lọ́wọ́ mi tí kò fọ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi báyìí, àfi bí Ìyá Kékeré ṣe fò mọ́ mi, tó fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti ní "Ha", omi ni mo fi ń gbé ìyókù mì.

Ọjọ́rú Eérú ni wọ́n wá fún wa ní fọ́ọ̀mù. Mo wọ awò ojú mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ohun kan tó ṣòro fún wọn, kí wọ́n fi sílẹ̀ títí di Àjíǹde. Mo rò ó títí. Mo ní kí ni mo ní tó ṣòro fún mi láti fi sílẹ̀? Àga mi? Ẹnikẹ́ni lè jókòó sí i. Kò ju fóònù lọ, torí inú rẹ̀ ni ohùn rẹ wà. Mo fi ìnùjú nù ún dáadáa, mo wé e sínú áńkáṣíìfù, mo gbé e lọ fún ọ̀gá ilé-ìwé, mo ní ẹ gbà, mo fi sílẹ̀.

Obìnrin náà wò mí. Ó ní Màmá, kì í ṣe pé kí ẹ gbé nǹkan wá fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ wa, ká jáwọ́ nínú rẹ̀ ni wọ́n ní, bí àpẹẹrẹ ṣúgà, tàbí òfófó. Ó ní kí n mú fóònù mi lọ sílé. Mo ní ọ̀gá, ẹ má bínú, ilé Ọlọ́run kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé nǹkan sílẹ̀ tí wọ́n tún ń gbé e padà, mo ti fi sílẹ̀, mo ti fi sílẹ̀ náà nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó bẹ̀ mí títí. Kò mọ̀ pé ọmọ ẹni tí mo jẹ́ kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìgbà yẹn la tó wá mọ̀ pé aago méjìlá ọ̀sán géérégé lo máa ń pè. Tí fóònù bá ti ń dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù, gbogbo ilé-ìwé á mọ̀ pé ó ti tó àkókò ìsinmi, ẹni tó ń lu agogo tiẹ̀ ti ń fi í mọ àkókò. Ìyá Kékeré á dìde dúró nínú kíláàsì, á máa fi ìka ka iye ìgbà tó dún. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi dún, ní ọjọ́ keje iná tán nínú rẹ̀. Ọ̀gá ní òun á bá mi fi iná sí i, mo ní rárá o, ohun tó bá ń gbààwẹ̀, wọn kì í fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Nítorí náà ni o ṣe ń pè tí kò lọ.

Mo wá fẹ́ kí o jókòó ka èyí tó kù.

O mọ̀ pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ń wẹ ọmọ yìí lẹ́sẹ̀, ó máa ń bi mí pé ọjọ́ wo ni màmá òun ń bọ̀. Kò sí ọjọ́ tí kò béèrè, á béèrè títí n ó fi jágbe mọ́ ọn. Àfi bí Lẹ́ńtì ṣe wọlé tí kò béèrè mọ́. Ọjọ́ kìíní, mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ọjọ́ kẹta, mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, mo ní ibà ni, mo ra oògùn, mo fún un lò. Ó mu ún, kò jampata, kò sì béèrè.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni tíṣà rẹ̀ pè mí sẹ́yìn kíláàsì. Àwọn ọmọ náà ti kọ tiwọn sínú bébà kéékèèké, ohun tí oníkálukú fi sílẹ̀. Ẹnìkan kọ súìtì, ẹnìkan kọ bọ́ọ̀lù. Ó fi ti Ìyá Kékeré hàn mí. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Mo fi bíbéèrè ọjọ́ tí màmá mi ń bọ̀ sílẹ̀." Tíṣà ní òun sọ fún un pé kó kọ ṣúgà. Ó dá a lóhùn pé ṣúgà kò ṣòro fún òun.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, kì í sì í ṣe irú èyí tí mo sun nídìí Haleluya. Ó dùn mí, ọmọ mi, mi ò ní bò ó fún ọ. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ ti fi wá sílẹ̀ lọ sọ́run, mo mọ̀ pé ìwọ nìkan lò ń ṣe iṣẹ́ ọkùnrin àti ti obìnrin, mi ò bú ọ. Ṣùgbọ́n o ní ò ń bọ̀ ní Kérésì. O ní ò ń bọ̀ tí wọ́n bá wọlé ní sáà kejì. O ní tí iṣẹ́ bá fúyẹ́. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin rèé. Ọ̀rẹ́ rẹ obìnrin tó ní ohùn dídùn yẹn, tó máa ń bá ọ gbé fóònù tí o kò bá sí níbẹ̀, mo ti rán an sí ọ tó ìgbà mẹ́wàá, kò jẹ́ iṣẹ́ mi rí. Ìyá Kékeré ní òun fẹ́ràn obìnrin yẹn, ó ní obìnrin náà kì í purọ́ ní tiẹ̀, tí o kò bá sí nítòsí, á sọ pé o kò sí nítòsí.

Gbọ́ nǹkan tí mo ti ṣe. Wọ́n ti yan ọmọ márùn-ún tí yóò hú Haleluya jáde lọ́jọ́ Àjíǹde, Ìyá Kékeré wà lára wọn, òun ló máa ṣí àpótí, òun ló máa kọ́kọ́ pariwo ọ̀rọ̀ náà kí ìjọ tó gbà á. Òbí kan ní láti dúró ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá, àlàfo wà níbẹ̀ pé ta ni yóò dúró ti ọmọ yìí. Ọ̀gá ti fẹ́ bá mi kọ "ìyá àgbà". Mo gba bíró lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ "ìyá tó bí i", mo sì kọ orúkọ rẹ tẹ̀lé e. Ó ní Màmá, ṣé ó dá yín lójú, tí kò bá wá ńkọ́, ọmọ á dá dúró níwájú gbogbo èèyàn. Mo ní á wá. Ó ní kí n fi pẹ́ńsù tó ṣeé pa rẹ́ kọ ọ́ ná, nítorí àìmọ̀. Mo ní èmi ò kọ orúkọ ọmọ mi ní pẹ́ńsù.

Mi ò tíì sọ fún Ìyá Kékeré. Kò béèrè, èmi náà ò sọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ó ku owó, nítorí lẹ́tà ìyá kì í ṣófo. Mo fẹ́ owó ìbọ̀sẹ̀ funfun méjì fún ọmọ, àti owó gíláàsì awò ojú mi tó sán. Má fi sí báǹkì o. Èyí tí o fi ránṣẹ́ níjọ́sí ṣì wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ti fún mi ní nọ́ńbà kan, ó kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n láyé, mo wá dé ìdí ẹ̀rọ tó ń sanwó, ẹ̀rọ ní kí n tẹ̀ ẹ́ fún òun. Mo ní a ò rí bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sọ fún un, mo jáde. Nítorí náà, fi ọwọ́ ara rẹ mú owó yìí wá. Èyí tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́, fi wọ ọkọ̀. Tí ọ̀gá rẹ bá ní kò sí àyè, fi lẹ́tà yìí hàn án, sọ fún un pé ìyá mi ti kọ orúkọ mi ní bíró. Òun náà ní ìyá.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni, ìdí igi tó wà lẹ́yìn kíláàsì.

Olúwa yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní yọnu. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ọmọ rẹ yóò sin ọ́, ìwọ kò ní sin ín. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n fi parí àdúrà yìí, ó ti dé ètè mi, mo ti fi omi gbé e mì. Inú ilẹ̀ ló wà. Wá bá ọmọ rẹ hú u.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.