Sítíárìn Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

Noraly ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan ní Manila, mo tilẹ̀ kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í jẹ́ kó o tètè dé ilé. Ọlọ́run tó ń mú oòrùn yọ lẹ́yìn òkè kò ní jẹ́ kí ojú rẹ ríbi, ooru ìlú yẹn kò sì ní yọ́ ọ dànù. Ara wa le díẹ̀. Òtútù ti pa kábéèjì ìsàlẹ̀ oko, ṣùgbọ́n kárọ́ọ̀tì dára, adìyẹ dúdú ìyá rẹ sì ń sàba lọ́wọ́, inú àpótí aṣọ mi ló ń sàba sí, ìyá rẹ sì ní kí ẹnikẹ́ni má lé e.

Ọkọ̀ tó o rà ránṣẹ́ sí wa ti dé. A dúpẹ́, àpò rẹ ò ní gbẹ. Gbogbo abúlé ló wá wò ó, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń yẹ màlúù wò. Ṣùgbọ́n Noraly, ohun kan wà níbẹ̀ tí kò yé mi, mo sì fẹ́ kó o bá mi bi àwọn tó tà á fún ọ.

Sítíárìn rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. O mọ jíìpù wa àtijọ́. Bó bá dúró sójú kan, bí ẹni ń yí ọlọ ni, àfi kéèyàn dìde lórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń lọ, á rọ̀, á sì máa bá mi sọ̀rọ̀. Bí táyà bá gun òkúta, àtẹ́lẹwọ́ mi á gbọ́. Bí òjò bá ti mú kí ojú ọ̀nà máa yọ̀, sítíárìn á kọ́kọ́ dẹ̀ lọ́wọ́ mi, n óò ti mọ̀ kí ọkọ̀ tó yọ̀. Eléyìí wá dojú gbogbo rẹ̀ dé. Nígbà tó dúró, ìka kan ni mo fi yí i, ó rọ̀ bí ọ̀dùnkún sísè. Nígbà tó sáré, ó wá le, bí ẹni pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Òkúta ò wí nǹkan kan, kòtò ò wí nǹkan kan. Mo ní àbí wọn ò so ó mọ́ táyà ni. Mo ní kí ìyá rẹ dúró síwájú ọkọ̀ kó máa wo táyà bí mo ṣe ń yí i. Ó ní ó ń yí. Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní ṣé òun fọ́jú ni.

Mo gbé e tọ Rudi mẹkáníìkì lọ. Ó ní sítíárìn náà ní páwà. Mo ní bó bá ní páwà, kí ló dé tó fi rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń lo iná mànàmáná, òun ló ń bá mi yí i. Bí ọkọ̀ bá ń rọra lọ á ràn mí lọ́wọ́ gan-an, bó bá ń sáré á dín ìrànlọ́wọ́ kù kí n má baà yí i jù. Ó ní ẹ̀rọ náà ló sì ń gba ọ̀rọ̀ òkúta mọ́ ọn lẹ́nu kó tó dé ọwọ́ mi. Ó dùn mí, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tí èmi àti ọ̀nà ń sọ, kí ló kàn án níbẹ̀? Mo tún ronú sí ọ̀rọ̀ iná yẹn, mo bá lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná, mo bi ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ bóyá mítà ti sítíárìn máa dá wà ni, àbí wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ ti ilé. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, ó ní kí n tún un sọ. Wọn ò tíì wá wo mítà kankan, mo ṣì ń retí wọn.

Ní ọjọ́ ọjà, a kó kábéèjì òkè oko tí òtútù ò pa, ó di ọjà La Trinidad. O mọ̀ pé bí mo bá ti dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn tó wà nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì kí epo má baà ṣòfò, òkè fúnra rẹ̀ á gbé wa lọ. Mo pa á. Àṣé bí ẹ́ńjìnnì bá ti sùn, olùrànlọ́wọ́ náà ti gba ilé rẹ̀ lọ nìyẹn. Sítíárìn le gbagidi lójú kọ́nà, bíréèkì náà le, àfonífojì sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, kùrukùru bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo fi gbogbo ara fà á, nǹkan kan já ní èjìká mi. Ìyá rẹ na ọwọ́ méjèèjì, ó bá mi dì í mú, a jọ fà á sí òsì, ọkọ̀ ré ọ̀nà kọjá, ó lọ wọ abẹ́ igi tí Lakay Tomino, bàbá àgbà aládùúgbò wa, fi ṣe àtíbàbà fún ìtàkùn sayote rẹ̀, ni èso sayote bá ń já lu orí ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lakay jáde, ó bi wá bóyá a fara pa, lẹ́yìn náà ló wá ní òun ò ránni pé kó bá òun kórè.

Apá ọ̀tún mi ò ṣeé gbé sókè. Mo ní ká dúró de ẹni tó máa wà wá. Ìyá rẹ sọ̀ kalẹ̀, ó yí ọkọ̀ po, ó ṣílẹ̀kùn ọ̀dọ̀ mi, ó ní, “Sún lọ, Bàbá Noraly.” Ìyá rẹ! Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká sítíárìn jíìpù rí, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jókòó sí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó jáde lábẹ́ sayote, ó doríkọ ilé ìwòsàn ní Baguio nínú kùrukùru. Ó ń rọra lọ o, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Mo fẹ́ sọ fún un pé kòtò wà níwájú, ó ti yà fún un. Níbi tí omi ti máa ń ṣàn kọjá ojú ọ̀nà, ó ti dín eré kù kí n tó lanu. Mo bi í báwo ló ṣe ń mọ̀, nígbà tí sítíárìn yẹn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ìdí mi ni mo fi ń gbọ́ ọ̀nà. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó tì ọ́, ta ló gbé sítíárìn fún mi?”

Mo jókòó dáadáa lórí ìdí tèmi náà títí a fi dé Baguio, mo ń tẹ́tí, òtútù nìkan ni mo gbọ́.

Dókítà ti gbé apá mi kọ́ mi lọ́rùn, ó ní n kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ títí òun yóò fi yọ̀ǹda. Ìyá rẹ ló ń wà á báyìí. Àwọn obìnrin abúlé ń bá a lọ sọ́jà, wọ́n ní ọkọ̀ wa ti wá lọ geerege ju tàtijọ́ lọ. N ò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ yẹn ló ń ràn án lọ́wọ́ ni, àbí òun ló ń ran ẹ̀rọ lọ́wọ́. N ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pe ẹni tó ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ aya rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó epo ránṣẹ́, nítorí wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́. Fi ti ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ìyá rẹ náà sí i. Wọ́n ní wọ́n á kọ́kọ́ dán an wò. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣe tí wọ́n fẹ́ dán an wò. Fi díẹ̀ kún un fún Lakay Tomino, kò béèrè, ṣùgbọ́n ó ń wò wá.

Ọ̀nà tó o bá tọ̀ yóò là fún ọ. Ibi tí kùrukùru bá ti bo ojú rẹ, wàá rí ẹni tí yóò bá ọ di nǹkan mú. Wàá jẹ èrè iṣẹ́ rẹ pẹ́, àwa náà yóò sì fojú rí ọ kí ọdún tó parí.

Ìyá rẹ ti ń fọn fèrè ọkọ̀ níta, ó ní bí n kò bá jáde òun ń lọ. Mo fẹ́ lọ jókòó tì í. Ìjókòó náà tù mí lára, Noraly, n ò ní purọ́, àmọ́ n ò mọ ibi tí mo lè kó ọwọ́ mi sí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Alipio